Orí Kẹsàn-án: Ọ̀gágun Tí Kò Gbọdọ̀ Wí Pé Bẹ́ẹ̀ Ni

Nígbà tí wọ́n mú Ọ̀gágun Ṣówándé dé yàrá oníbàbà, omi òkun ṣì ń kán tótó lára aṣọ rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kò tíì lù. Akínlàjà, igbákejì olórí ẹ̀ṣọ́, ló tì í wọlé. Ó fi èjìká gbún un síwájú bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀, ó sì dè é lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ mọ́ àga irin tó wà láàárín ilẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ Odi la ti bá a," ó sọ fún Fẹ̀hìntọlá. "Ó wà nínú ọkọ̀ abẹ́-omi kan tí kò ju pósí lọ. Fèrè wa ló ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlá ló ti já kí ọwọ́ wa tó tẹ̀ ẹ́."

Fẹ̀hìntọlá wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni Fẹ̀hìntọlá. Olùkọ́ ìṣirò ni kí wọ́n tó fi í ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ Ìtẹ́-Omi, ìwà olùkọ́ kò sì tíì kúrò lára rẹ̀: kì í bínú sí ìbéèrè kó tó kà á tán. Ó mọ ohun tí fèrè jíjá túmọ̀ sí. Bí òjò bá pọ̀ lẹ́yìn Odi, ògiri ńlá onílẹ̀kùn púpọ̀ tí Ìjọba Òkè fi sé omi, tí wọ́n bá sì fẹ́ tú omi náà dà sínú òkun, fèrè ló máa ń kọ́kọ́ ké. Bó bá ti ké, àwọn ará Ìtẹ́-Omi á tú okùn, wọ́n á fi ẹ́ńjìnì wọ́ ìlú wọn, ilé lẹ́yìn ilé, lórí igi àti àgbá tó gbé wọn léfòó, kúrò lójú ọ̀nà omi. Ẹni tó bá já fèrè kò fẹ́ kí ìlú náà kúrò.

"Fún wọn ní aṣọ gbígbẹ," ó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, aṣọ gbígbẹ ni fún eléyìí?"

"Eyín tó ń gbọ̀n kò lè sọ̀rọ̀. Fún wọn ní aṣọ."

Akínlàjà da aṣọ ìbora kan lé ọkùnrin náà léjìká, ó sì lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ọ̀gágun Ṣówándé ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò tíì sùn láti ọjọ́ púpọ̀. Òrùka irin kan wà lọ́rùn rẹ̀, ó fún mọ́ ọn lọ́fun tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kan kò lè wọ abẹ́ rẹ̀. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lára òrùka náà, àwọ̀ ewé ni.

"Kí lèyí, Ọ̀gágun?" Fẹ̀hìntọlá bi í.

"Etí là ń pè é." Ohùn rẹ̀ ha, àmọ́ kò gbọ̀n. "Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Ó tún ń gbọ́ ọkàn mi. Ó mọ ìgbà tí mo bá purọ́, ó sì mọ ìgbà tí mo bá fi tinútinú sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ."

"Bàbà la fi bo yàrá yìí," Akínlàjà sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Kò lè ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni níbí."

"Kò nílò àtiránṣẹ́. Ó ń pa á mọ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ bá dá mi padà, bóyá láàyè ni tàbí lókùú, wọn á bọ́ ọ lọ́rùn mi, wọn á sì fetí sí i." Ó gbé ojú sókè sí Fẹ̀hìntọlá. "Mo ní ìyàwó kan àti ọmọbìnrin méjì. Bí Etí bá jẹ́rìí pé mo tú àṣírí, wọn á mú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ẹnu ìlẹ̀kùn Odi, wọn á sì tì wọ́n síta."

"Síta ibo?"

"Síta níbí," ó wí. "Sínú omi yín."

"Bí a bá fọ́ ọ ńkọ́?"

"Etí tó bá fọ́, tàbí tí kò bá padà sílé, wọ́n kà á sí Etí tó jẹ́rìí. Ẹ má da ara yín láàmú."

Fẹ̀hìntọlá fa àpótí kan, ó sì jókòó níwájú rẹ̀, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ó bi í pé ìlẹ̀kùn wo ni wọ́n fẹ́ ṣí. Kò dáhùn. Ó bi í pé ìgbà wo ni. Kò dáhùn. Ó bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi rán odindi ọ̀gágun láti wá já fèrè, iṣẹ́ tí ọmọ ogun lásán lè ṣe. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Bóyá torí pé kò sí ọmọ ogun lásán tí wọ́n lè fi iṣẹ́ náà lọ̀, tí kò ní sọ fún ìyá rẹ̀," ó wí. Iná ọrùn rẹ̀ pọ́n díẹ̀, bí ọsàn tó ń pọ́n. Ó pa ẹnu mọ́. Ó mí lẹ́ẹ̀mẹta, iná náà sì padà sí àwọ̀ ewé.

Tẹlifóònù oníwáyà tó wà lára ògiri dún. Akínlàjà gbé e, ó gbọ́ ọ, ó sì gbé e padà.

"Àwọn tó wà lórí òpó ni," ó wí. "Omi ẹ̀yìn Odi ti kan àmì pupa."

Kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Omi kì í kan àmì pupa kí ilẹ̀ ó ṣú kí wọ́n tó tú u. Òní ni, kò ní rékọjá ìrọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́rin ni wíwọ́ ìlú sì ń gbà. Bí omi bá fẹ́ gba apá ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn òkìtì yanrìn tó wà ní ìlà-oòrùn ni ibi ìsádi. Bí ó bá fẹ́ gba apá ìlà-oòrùn, inú ọ̀sà tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ni. Ìlú tó bá dúró sí àárín yóò lọ, èyí tó bá sì sá lọ sí apá òdì yóò lọ ṣáájú. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ènìyàn ló wà lórí àgbá wọ̀nyẹn, wọ́n ń sá ẹja, wọ́n ń dirun ọmọ wọn, wọn kò mọ nǹkan kan.

Akínlàjà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kí Fẹ̀hìntọlá tó dìde, ó ti di òrùka náà mú, ó sì ti fa ọrùn ọkùnrin náà sókè.

"Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé," ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an. "Ìgbẹ́gùn. Ìyàwó mi lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ níbẹ̀. Fèrè kò ké lọ́jọ́ tí omi Odi gbé abúlé náà lọ. A rí bàtà rẹ̀ kan. O mọ Ìgbẹ́gùn?"

Ọ̀gágun Ṣówándé ò lè mí, ṣùgbọ́n kò mú ojú kúrò. "Mo mọ̀ ọ́n," ó sọ ní ọ̀fun.

"Akínlàjà." Fẹ̀hìntọlá gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Fi wọ́n sílẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ mi bi í léèrè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Bí o bá fi ọwọ́ bi wọ́n, ohun tí o bá fẹ́ gbọ́ ni wọn yóò sọ. Ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, ohunkóhun. Báwo la ṣe máa mọ̀? Fi wọ́n sílẹ̀, àbúrò mi."

Ó fi í sílẹ̀. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì kọjú sí ògiri.

Ọ̀gágun náà wúkọ́ títí ìmí rẹ̀ fi padà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń yan ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gba orí afárá tó ti jẹrà kọjá.

"A gbọ́ pé ẹ ní ẹ̀rọ kan tí ẹ ń dé lé àwọn arúgbó yín lórí kí wọ́n tó kú."

"Akẹ̀tẹ̀," Fẹ̀hìntọlá wí. "Àwọn atukọ̀ àgbà ni. Ẹni tó mọ ọ̀nà inú omi yóò fi í gbé ìrántí rẹ̀ sí orí ọmọ rẹ̀, kí ìrántí náà má bàa bá a rọ̀run."

"Ohun tó bá kúrò ní orí kan, ṣé kì í padà síbẹ̀ mọ́?"

"Kì í padà."

Ó mi orí. "Ọlọ́dẹ kan wà ní àdúgbò wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ó wí. "Ilé ìkẹ́rù olówó kan ló ń ṣọ́. Ọlọ́ṣà wọlé, wọ́n kó ẹrù lọ. Olówó pè é, ó ní, ṣé ìwọ lo kó ẹrù mi fún wọn? Ọlọ́dẹ ní rárá, wọ́n fi agbára gbà á ni." Iná ọrùn rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn. "Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ojú ọgbẹ́ wà lára rẹ̀. Olówó fún un ní owó oògùn. Ìdílé rẹ̀ ṣì ń gbé inú ọgbà náà títí mo fi dàgbà." Òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀ nínú òtútù yàrá náà. "Ìtàn ọmọdé lásán ni."

Fẹ̀hìntọlá kò mira. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Ó yí i kiri nínú ara rẹ̀, ó sì rora béèrè bí olùkọ́ tó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìdáhùn.

"Nígbà tí ọlọ́ṣà wọlé, Ọ̀gágun, ṣé ọlọ́dẹ náà pariwo?"

"Ó pariwo," ó wí. "Ó sì jà. Ọlọ́dẹ tí kò bá jà, òun náà di olè."

Fẹ̀hìntọlá dìde, ó sì jáde.

Dókítà Mopélọ́lá, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Dókítà, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Yàrá kejì ló wà, ó ń nu Akẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú òwú. Fìlà gbẹ̀ǹgbẹ̀ onírin méjì ni, etí wọn gbòòrò bí akẹ̀tẹ̀ àwọn apẹja gan-an, wáyà nínípọn kan ló so wọ́n pọ̀. Lókè ibi tó ń gbé e sí, wọ́n kọ òfin sára pákó pẹ̀lú ọ̀dà: ẸNU ẸNI LA FI Ń ṢÍ ORÍ ẸNI.

Fẹ̀hìntọlá sọ ohun tó gbọ́ fún un. Ìyá arúgbó náà gbọ́ ọ láìdá iṣẹ́ dúró.

"O rò pé ó fẹ́ kí a fi agbára dé e lé òun," ó wí níkẹyìn.

"Ó fẹ́ ẹ, Mà. Kò lè sọ pé òun fẹ́ ẹ ni. Bó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Etí á gbọ́, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ á bá a lọ."

"Bí kò bá sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òfin wa kò mọ̀ ọ́n." Ó gbé òwú sílẹ̀. "Ṣé o mọ ìdí tí òfin yẹn fi wà? Ọkùnrin kan jí oúnjẹ ìlú pamọ́ lọ́dún ìyàn. A ní kó fi ibẹ̀ hàn wá, ó kọ̀. Èmi ni mo dé e lé e lórí, pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì yìí. A rí oúnjẹ náà. Ọmọ rẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lóṣù náà wá dúró níwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Títí ó fi kú, ó ń sọ pé ọmọ ta nìyí. Akẹ̀tẹ̀ kò mọ bí a ti ń mú ẹyọ kan, Fẹ̀hìntọlá. Oṣù kan gbáko ló ń gé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Mo mọ̀, Mà."

"O sì mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé èkejì. Kò ní wà lórí rẹ bí ìtàn tí wọ́n sọ fún ọ. Wàá rántí rẹ̀ bí ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe."

"Èmi ni màá dé e," Akínlàjà sọ lẹ́yìn wọn. Ó ti tẹ̀ lé e jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n dé e. Kò sí ohun tó kù tí mo ń tọ́jú."

Fẹ̀hìntọlá wò ó pẹ́. Ó rántí bí ọ̀gágun náà ṣe sọ pé òun mọ Ìgbẹ́gùn.

"Ìwọ kọ́," ó wí. "Orí yòówù ní ìlú yìí, àmọ́ kì í ṣe tìrẹ."

Ó bojú wo aago ara ògiri. Aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí àyè láti pe ìgbìmọ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ pé, wọn á béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni? Ìyà ẹni tó bá ṣí orí ènìyàn láìgbà lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Wọn á já okùn ilé rẹ̀ kúrò lára ìlú fún ọdún kan, kó máa bá omi lọ ní òun nìkan, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ so ilé mọ́ tirẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e wọlé, Mà," ó wí.

Nígbà tí Ọ̀gágun Ṣówándé rí Akẹ̀tẹ̀, tí Ìyá Dókítà sì sọ fún un pé oṣù kan gbáko ló ń gé, ojú rẹ̀ yí padà. Fẹ̀hìntọlá ti ń retí ariwo, ó ti ń retí ìjàkadì ojú ayé, irú èyí tí ọlọ́dẹ inú ìtàn ṣe. Ohun tó rí kì í ṣe ìyẹn.

"Mi ò fẹ́," ọkùnrin náà wí. "Ẹ dúró. Mi ò fẹ́ ẹ. Mo kọ̀."

Iná ọrùn rẹ̀ kò yí. Àwọ̀ ewé ni, ó mọ́ kedere.

Fẹ̀hìntọlá dúró, fìlà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Etí mọ irọ́, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ó ń pa. Ó kọ̀ lóòótọ́.

"Oṣù wo ló ń mú?" ọ̀gágun náà béèrè, ó ń fa okùn ọwọ́ rẹ̀ títí awọ fi bó. "Oṣù tó kọjá yìí? Gbogbo rẹ̀? Ẹ má mú un. Nǹkan mi wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, obìnrin yìí, nǹkan mi wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n," Akínlàjà wí.

Fẹ̀hìntọlá ronú pé bóyá òun ló fi ojú ara òun túmọ̀ ìtàn náà. Bóyá ìtàn ọmọdé lásán ni lóòótọ́, tí òun sì fẹ́ kó jẹ́ nǹkan míì nítorí pé ilẹ̀kùn míì kò sí. Kò lè bi í. Bó bá bi í, tí ó sì dáhùn, ìdáhùn náà ni yóò pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀ bóyá yóò rí àmì kan, ẹ̀rù nìkan ló wà níbẹ̀. Lókè orí wọn, ó gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn lórí pákó, ẹnì kan ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun.

"Ọ̀gágun Ṣówándé," ó wí, "ẹ wí fún mi kí Etí lè gbọ́. Ṣé ẹ gbà?"

"Mi ò gbà."

"Mo ti gbọ́. Èmi Fẹ̀hìntọlá, olórí ẹ̀ṣọ́ Ìtẹ́-Omi, ni mo ń ṣe é. Ẹ kò bá mi lọ́wọ́ sí i."

Ó fún Ìyá Dókítà ní fìlà àkọ́kọ́, ó dé èkejì fúnra rẹ̀, ó sì jókòó. Ìyá arúgbó náà wo pákó tí òfin wà láti ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ó wo Fẹ̀hìntọlá, ó sì dé e lé ọ̀gágun náà lórí. Ọkùnrin náà ń jà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kò jà mọ́.

Kò rí bí àlá. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ènìyàn bá jí láàárọ̀ tó sì rántí ohun tó ṣe lánàá. Fẹ̀hìntọlá rántí tábìlì kan, àwòrán Odi wà lórí rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá òun, tí òun lè bí, ń fi kálàmù tọ́ka: ìlẹ̀kùn kẹta títí dé ìkẹsàn-án, apá ìwọ̀-oòrùn, aago mẹ́rin. Ó rántí pé òun béèrè pé, "Àwọn ènìyàn ńkọ́, sà?" àti pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó rántí irin tútù kan tó ń ṣí ìlẹ̀kùn Odi, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ òun ní ọjọ́ Ìgbẹ́gùn, bó ṣe wúwo, bí òun ṣe fi ọwọ́ méjèèjì fà á wálẹ̀ nítorí pé ọwọ́ kan kò tó. Ó rántí ìtàn ọlọ́dẹ náà, bó ṣe ń yí nínú òun láti ìgbà tí wọ́n ti de òun mọ́ àga, tí òun ń wá ẹni tó gbọ́n tó láti gbọ́ ọ.

Láàárín gbogbo ìwọ̀nyí, ó rántí yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, àti obìnrin arúgbó kan lórí ibùsùn.

Ó ṣí ojú. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ wá sí ẹnu.

"Ìwọ̀-oòrùn ni wọn á gbà," ó wí. "Aago mẹ́rin. Ẹ wọ́ ìlú lọ sí ìlà-oòrùn. Ẹ lọ."

Akínlàjà ti sá jáde kí gbólóhùn náà tó parí.

Wọ́n wọ́ ìlú. Gbogbo ẹ́ńjìnì tó wà ní Ìtẹ́-Omi ló ń ké, àwọn tí kò ní ẹ́ńjìnì fi àjẹ̀ wà á, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n sì ń fa okùn. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni ilé tó kẹ́yìn wọ ẹ̀yìn òkìtì yanrìn. Lẹ́yìn náà ni ìlẹ̀kùn méje ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Omi pupa ga bí ilé alájà mẹ́ta gba ibi tí ìlú wọn wà láàárọ̀ kọjá, ó gbé igi ńláńlá lọ bí ẹni gbé igi ìdáná. Òkìtì yanrìn náà mì títí. Ilé mẹ́sàn-án já sọnù ní ẹ̀bá ìta, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ka ara wọn ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìgbìmọ̀ jókòó. Kò pẹ́. Fẹ̀hìntọlá kò ṣe àwáwí. Wọ́n bi Ìyá Dókítà bóyá ọkùnrin náà wí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ní ó wí pé rárá, lẹ́ẹ̀mejì. Olórí Ìgbìmọ̀, bàbá arúgbó kan tó ti sọ ojú rẹ̀ méjèèjì nù, dìde lórí ọ̀pá rẹ̀.

"Ọmọ wa," ó wí, "àwọn ọmọ-ọmọ mi mẹ́fà sùn sórí ẹní wọn lálẹ́ àná. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. A ó sì já okùn rẹ. Bí a bá dárí jì ọ́ nítorí pé ó yọrí sí rere, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á rò pé tòun náà á yọrí sí rere."

"Ó yé mi, Bàbá."

"Ẹni tó bá sì ṣí orí ènìyàn, òun ni yóò máa bọ́ ọ títí ọjọ́ pàṣípààrọ̀ òǹdè fi máa pé. Ọ̀gágun náà á bá ọ lọ."

Akínlàjà ni igbákejì Fẹ̀hìntọlá, òun ni òfin ní kó já okùn náà. Ó wá pẹ̀lú àáké. Ó dúró lórí pákó ẹnu ọ̀nà, kò gbé àáké sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "ẹ wo ojú mi. Ìgbẹ́gùn. Kí lẹ rántí?"

Fẹ̀hìntọlá ti mọ̀ pé yóò béèrè. Láti àná ló ti ń wá irọ́ tí yóò pa fún un, gbogbo èyí tó rí ló sì wúwo ju òótọ́ lọ.

"Ọwọ́ mi lórí irin," ó wí. "Mo fi méjèèjì fà á. N kò rí ẹnikẹ́ni láti ibẹ̀. Ó jìnnà. N kò rí ìyàwó rẹ."

Akínlàjà fà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ Fẹ̀hìntọlá méjèèjì, ó pẹ́ kí ó tó mú un kúrò. Lẹ́yìn náà ó gbé àáké, ó fi ṣá okùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, okùn já. Kò sọ ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n kí ilé náà tó sún kúrò, ó gbé àgbá omi mímu méjì, ó jù wọ́n lé orí pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró síbẹ̀ títí omi fi gbé e jìnnà tí kò rí ojú rẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Ọ̀gágun Ṣówándé tó jí. Oògùn Ìyá Dókítà ló mú un sùn pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó lórí ẹní, ó fọwọ́ kan òrùka ọrùn rẹ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, àwọ̀ ewé. Ó wo omi tó yí wọn ká ní gbogbo ọ̀nà.

"Ta ni yín?" ó béèrè.

"Fẹ̀hìntọlá ni mí. Òǹdè wa ni yín. Kò sí ohun tí yóò ṣe ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ẹ kò sọ nǹkan kan fún wa. A fi agbára gbà á ni."

Ó ronú sí i, ó ń wá inú orí rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lápò. "Ọjọ́ mélòó ni mo ti wà níbí?" Kí Fẹ̀hìntọlá tó dáhùn, ọkùnrin náà ti ń gbìyànjú láti dìde. "Mo gbọ́dọ̀ lọ. Ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Ara ìyá mi kò yá, mo ṣèlérí fún wọn pé ọjọ́ Ẹtì ni n ó dé. Wọ́n á ti máa bojú wo ọ̀nà."

Fẹ̀hìntọlá kò tíì lè jẹun láti àná. Kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò mọ bí yóò ṣe ṣàlàyé pé òun ń ṣọ̀fọ̀ obìnrin tí òun kò bá pàdé rí. Ó sún mọ́ ọn, ó sì jókòó sórí ẹní kan náà.

"Ọ̀gágun," ó wí, "ẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì náà. Ẹ bá wọn láàyè."

Ọkùnrin náà yíjú sí i.

"Ọwọ́ yín ni wọ́n dì mú. Wọ́n ní kí ẹ ṣí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ wọlé, ẹ sì ṣí i. Wọ́n pe orúkọ tí wọ́n ń fi pè yín ní kékeré, ẹ rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọn kò jìyà. Ọjọ́ kejì la sin wọ́n, nínú òjò. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ̀ kalẹ̀ láti gbé orí wọn sílẹ̀, ẹ kò jẹ́ kí àwọn agbẹ́lẹ̀ ṣe é. Amọ̀ dé orúnkún yín."

Ọkùnrin náà wo orúnkún ara rẹ̀ méjèèjì.

"Orúkọ wo?" ó béèrè.

Ó sọ orúkọ náà fún un. Ó sì sọ ìyókù, ohun gbogbo tó wà nínú yàrá náà, aṣọ tí wọ́n fi bò wọ́n, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ orin lẹ́bàá sàréè àti ibi tí ohùn rẹ̀ ti já. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé òpin, ó fi aṣọ ìbora nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.